Rọ́bà ìfọ̀jẹ̀ Bàbá ti ní àkóràn: ṣé kí wọ́n yọ ọ́ ni, àbí kí wọ́n sé oògùn mọ́ inú rẹ̀?

Àbígbẹ̀yìn_Ìbàdàn:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tó wà láàárín wa, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 67 ni wọ́n, kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Rọ́bà ẹlẹ́nu méjì, èyí tí wọ́n kì bọ iṣan ọrùn wọn lápá ọ̀tún tí wọ́n sì gbé gba abẹ́ awọ àyà kó tó yọ síta, ni wọ́n fi ń so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, nítorí pé fístúlà (iṣan méjì tí wọ́n so pọ̀ kí abẹ́rẹ́ ìfọ̀jẹ̀ lè wọ̀ ọ́) tí wọ́n ṣe sí wọn lápá òsì kò dàgbà tó èyí tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọn ò tíì lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ tí òtútù fi mú wọn. Wọ́n gbọ̀n débi pé bẹ́ẹ̀dì ń mì, ara wọn sì gbóná dé 39.2. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò kòkòrò, wọ́n fa vancomycin àti gentamicin sí wọn lára, ó sì di ọjọ́ kejì kí ibà náà tó lọ. Dókítà wá pè wá jókòó, ó ní ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n yọ rọ́bà náà kí wọ́n sì wá ibòmíràn fi òmíràn sí, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa sé oògùn apakòkòrò líle mọ́ inú rẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi padà wá, kí wọ́n sì máa fún wọn ní oògùn ara lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó rọ́bà tuntun kì í ṣe kékeré, iṣan ọrùn wọn lápá òsì sì ti dí. Ohun tí kò yé mi ni èyí: bí oògùn tí wọ́n fà sí wọn lára bá ti lé ibà lọ, kí la tún ń sé oògùn mọ́ inú rọ́bà fún? Àbí wọ́n kàn fẹ́ fi kún owó tí à ń san ni?

Nọ́ọ̀sì_Yàrá_Ìfọ̀jẹ̀:

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run yóò fún Bàbá ní àlàáfíà. Ibà lọ nítorí pé oògùn náà pa kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Inú rọ́bà kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Láti ìgbà tí a bá ti já Bàbá kúrò lára ẹ̀rọ títí di ìgbà tí a ó tún so wọ́n, hẹ́párìn ló kún ẹnu méjèèjì rọ́bà náà, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì síbẹ̀. Oògùn tó ń bá ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara kò ráyè dé ibẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í léfòó kiri nínú rọ́bà. Ògiri rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọ́n á sì da ohun yíyọ̀ kan bo ara wọn, irú èyí tí ọwọ́ wa máa ń kàn bí a bá ra inú dúrọ́ọ̀mù omi tí a kò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kòkòrò tó bá ti wà lábẹ́ ohun yíyọ̀ yìí lè fẹ́ ìlọ́po 100 sí 1,000 ìwọ̀n oògùn tí ì bá pa á nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó kú. Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀: vancomycin tí a ń retí kó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kí a tó fún un ní òmíràn kì í sábà ju mílígíráàmù 15 sí 20 nínú lítà kan lọ. Èyí tí a ń sé mọ́ inú rọ́bà sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 5 nínú mílílítà kan ṣoṣo, ìyẹn 5,000 nínú lítà kan. Kò sí ẹni tó lè fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Inú rọ́bà ni ó ti ṣeé ṣe, nítorí pé nǹkan bíi mílílítà 2 péré ni ẹnu kọ̀ọ̀kan ń gbà, a ó sì tún fà á jáde kí a tó fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òtútù tó mú wọn bí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tọ́ka sí ibi tí àrùn náà fi ṣelé. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ gba inú rọ́bà kọjá tipátipá, ó ru kòkòrò sókè wọ inú ara.

Àgbà_Ìjẹ̀bú:

Mo ka ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ, mi ò sì bá wọn jiyàn lórí ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà nínú irú ipò yìí ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ibà ń lọ, ibà ń bọ̀. Wọ́n ń fún wọn lóògùn, rọ́bà kan náà ló sì wà lọ́rùn wọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n yóò fi ya àwòrán ọkàn wọn, kòkòrò ti lọ jókòó sára fáàfù tó ń ṣí tó ń pa dé nínú ọkàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àyẹ̀wò ti sọ pé Staphylococcus aureus ni, ìwé èsì náà wà nínú fáìlì, gbogbo wọn ló sì ń ṣí fáìlì ọ̀hún lójoojúmọ́. Ohun tó bá ti bàjẹ́ lára ènìyàn, tí kì í sì í ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ sọnù. Títí di ìgbà wo la ó máa bẹ rọ́bà?

Dókítà_Kíndìnrín_Ìlọrin:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ní ti Staphylococcus aureus, ẹ kò ṣì í sọ rárá. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àrùn àkóràn ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2009, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń tẹ̀ lé, sọ pé kí a yọ rọ́bà bí ó bá jẹ́ òun ló wà níbẹ̀, bí ó bá jẹ́ Pseudomonas aeruginosa, tàbí bí ó bá jẹ́ Candida. Láàárín àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, bí a bá fi rọ́bà sílẹ̀ tí a sì sé oògùn mọ́ ọn nítorí S. aureus, ìdá 40 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bọ́ nínú rẹ̀. Lára àwọn tó kù, àrùn náà á tún yọjú, ó sì lè ti lọ fara pamọ́ sínú ọkàn tàbí egungun ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Staphylococcus epidermidis, tó jẹ́ pé orí awọ gbogbo wa ló ń gbé, ó ń lọ sí 75 sí 84. Ti àwọn kòkòrò inú ìfun bíi Klebsiella sì sábà máa ń dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé kí a yọ tàbí kí a má yọ, ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ kòkòrò náà.

Ìtọ́jú yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ láti gbowó. Messing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1988, fún àwọn aláìsàn tí ìfun wọn kò lè gba oúnjẹ mọ́, tí wọ́n ń fi rọ́bà fa oúnjẹ sínú iṣan nínú ilé wọn. Àwọn wọ̀nyẹn àti Bàbá wà nínú ọkọ̀ kan náà, nítorí pé iye iṣan tó ṣeé ki rọ́bà bọ̀ kò pọ̀ lára ènìyàn, gbogbo èyí tí a bá sì lò ló lè dí. Àbígbẹ̀yìn ti sọ pé ọrùn òsì ti lọ. Bí a bá yọ ti ọ̀tún láìnídìí, ìtan ló kù, kòkòrò sì fẹ́ràn ìtan ju ọrùn lọ.

Ẹ tún kíyè sí i pé rọ́bà tó ti pẹ́ lára ni ìsémọ́ wà fún. Èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ara òde rẹ̀ ni kòkòrò sábà máa ń gbà láti orí awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, oògùn tó wà nínú kò sì lè bá a jà.

Àbígbẹ̀yìn, ẹ dá mi lóhùn. Kí ni orúkọ kòkòrò náà? Ṣé wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti inú rọ́bà àti láti apá kí wọ́n tó fún wọn ní oògùn àkọ́kọ́? Ṣé ibi tí rọ́bà ti yọ síta pọ́n tàbí ó ń ṣọyún, ṣé ó sì ń dùn wọ́n bí ẹ bá fọwọ́ tẹ ọ̀nà tó gbà lábẹ́ awọ? Bí ọyún bá wà lábẹ́ awọ yẹn, kí wọ́n yọ ọ́ lónìí.

Àbígbẹ̀yìn_Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ ṣeun, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú, mo bá yín kẹ́dùn.

Èsì jáde lánàá. Staphylococcus epidermidis ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì ní vancomycin ń pa á. Ibi méjèèjì ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ kí oògùn tó wọlé. Èyí tó ti inú rọ́bà wá fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ṣáájú èyí tó ti apá wá kí ó tó hù. Ojú ibi tí ó yọ sí mọ́, kò wú, kò sì dùn wọ́n. Láti ọjọ́ tí ibà ti lọ, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń bá wa ṣàwàdà. Iye tí wọ́n dá lé oògùn tí wọ́n fẹ́ sé yìí ló ń kọ mí lóminú.

Apòògùn_Abẹ́òkúta:

Ẹ jẹ́ kí n bá yín tú owó náà wò. Ìgò vancomycin tó ní mílígíráàmù 500, bí a bá fi omi mílílítà 10 pò ó, ó di 50 nínú mílílítà kan. Bí a bá mú mílílítà 1 nínú èyí, tí a sì fi hẹ́párìn àti omi iyọ̀ sọ ọ́ di mílílítà 10, a ti ní 5 nínú mílílítà kan nìyẹn, ẹnu méjèèjì rọ́bà kò sì ní gbà ju bíi mílílítà 4 lọ nínú rẹ̀. Oògùn gan-an kò tó nǹkan. Ọwọ́ mímọ́ àti ibi mímọ́ tí wọ́n ti ń pò ó ló yẹ kí ẹ máa sanwó fún, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí wọ́n bá ń ka odindi ìgò kan sí yín lọ́rùn nígbà gbogbo.

Mi ò kọ ìṣirò yìí kí ẹnikẹ́ni lọ pò ó nílé o. Oògùn àti hẹ́párìn kì í fi gbogbo ìgbà bára gbé. Vancomycin tó bá le tó 10 nínú mílílítà kan máa ń yí padà di funfun tí hẹ́párìn bá bá a pàdé, àwọn èérún tó bá wà nínú rẹ̀ sì lè dí rọ́bà. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ fi máa ń gbé sírínjì sókè sí iná wò kí ó tó lò ó, bí kò bá sì mọ́ kedere, á dà á nù. Bí ó bá jẹ́ cefazolin ni kòkòrò ń gbọ́, òun náà ṣeé sé ní 5 nínú mílílítà kan. Gentamicin ṣeé sé ní 1, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí díẹ̀, nítorí pé èyí tó bá ń jò wọ ẹ̀jẹ̀ nígbà gbogbo lè ba etí jẹ́, ó sì lè máa mú kí òòyì kọ́ ènìyàn.

Nọ́ọ̀sì_Yàrá_Ìfọ̀jẹ̀:

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kàn, òun ló sì ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ́dọ̀ tiwa. Láti Ìṣẹ́gun dé Àbámẹ́ta jìnnà. Ìlànà 2009 tí Dókítà dárúkọ sọ pé kí oògùn tí a sé má ju wákàtí 48 lọ kí a tó pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé ó ń jò díẹ̀díẹ̀ gba ẹnu rọ́bà tó wà nítòsí ọkàn, agbára rẹ̀ sì ń rọ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ń ro ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó rí owó ẹ̀ẹ̀mejì san ti gbìyànjú, ẹlòmíràn ń wá lẹ́ẹ̀kan. Lóòótọ́, ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọdún 2025 pé owó ìfọ̀jẹ̀ kan yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, ìyẹn sì mú kí ara tu àwọn tó ń gbé nítòsí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sé oògùn mọ́ rọ́bà rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, a kò tọ́jú rẹ̀ tán. Kòkòrò tó ṣẹ́ kù á kàn tún ilé rẹ̀ kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lọ béèrè ni pé kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá máa wá ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ajé fún pípààrọ̀ oògùn nìkan, láìdé orí ẹ̀rọ. Kì í gba àkókò. Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé: èmi àti aláìsàn á wọ ìbòmú, òun á sì kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Màá fi chlorhexidine tó ní ọtí nínú fọ ẹnu rọ́bà dáadáa, màá sì dúró kó gbẹ fúnra rẹ̀, màá má fẹ́ ẹ lẹ́nu. Màá fa mílílítà 5 jáde láti ẹnu pupa, màá dà á nù, màá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnu búlúù, omi iyọ̀ mílílítà 10 á sì tẹ̀ lé e nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni màá wá wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà, bíi 1.9 fún pupa àti 2.0 fún búlúù, iye yẹn gan-an ni màá sì tì wọlé, tí màá pa kílíǹpù dé kí àtàǹpàkò mi tó kúrò lórí sírínjì. Tí mo bá ti dé e tán, màá lẹ bébà mọ́ ọn pé oògùn wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n má tì í wọlé. Bébà yẹn ṣe pàtàkì, nítorí bí ara bá ṣú Bàbá lóru tí wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn míràn, ẹni tí kò mọ̀ lè fi omi ti gbogbo hẹ́párìn yẹn wọ inú ọkàn wọn, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ya.

Dókítà_Kíndìnrín_Ìlọrin:

Mo fara mọ́ ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ láti òkè dé ilẹ̀. Ní ti kí nǹkan má ṣàn wọnú ara, ní ọdún 2000, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún gbogbo ilé ìwòsàn nípa citrate líle, omi kan tí wọ́n ń sé mọ́ rọ́bà kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, tó jẹ́ ìdá 46.7 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé ọkàn aláìsàn kan dáwọ́ dúró, ó sì kú, lẹ́yìn tí wọ́n tì í sínú rọ́bà ìfọ̀jẹ̀ rẹ̀.

Èsì Bàbá dára fún ìsémọ́. Bí ti inú rọ́bà bá fi wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ti apá, rọ́bà ni orísun rẹ̀. Kòkòrò tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń gbọ́ràn. Kí wọ́n má ṣe dá oògùn tí wọ́n ń fà sí wọn lára dúró o. Méjèèjì ló ń rìn pọ̀.

ÌyáDámọ́lá_Lọ́ńdọ̀n:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ìfun ọmọ mi kò gba oúnjẹ, rọ́bà àyà ni a fi ń bọ́ ọ nílé níbí. Taurolidine ni wọ́n kọ́ wa láti máa sé mọ́ ọn ní gbogbo ìgbà tí a bá já a, yálà ara rẹ̀ dá tàbí kò dá. Ṣé Bàbá kò lè lo èyí dípò vancomycin?

Dókítà_Kíndìnrín_Ìlọrin:

Ìyá Dámọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìdènà ni taurolidine tí ẹ ń lò wà fún, kí kòkòrò má baà rí ògiri lẹ̀ mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, FDA fọwọ́ sí àpòpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú hẹ́párìn fún àwọn àgbàlagbà tó ń fi rọ́bà fọ ẹ̀jẹ̀, nítorí pé nínú ìwádìí tí wọ́n gbé kalẹ̀, ó dín àkóràn kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti hẹ́párìn lásán. Kòkòrò tó ti kọ́lé tán ní tirẹ̀ ń fẹ́ oògùn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ń pa á, nítorí náà kí Bàbá parí vancomycin ná.

Àgbà_Ìjẹ̀bú:

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, Dókítà. Bí ìdènà bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò fi máa sé gentamicin tó wà ní gbogbo ilé oògùn mọ́ rọ́bà gbogbo ènìyàn? Ohun kejì: nínú yàrá ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì méjì ń bójú tó ogún aláìsàn, ta ni yóò máa ka wákàtí 48 fún ẹnikẹ́ni?

Apòògùn_Abẹ́òkúta:

Ẹ̀gbọ́n, ní ti gentamicin, àwọn kan ṣe é, ó sì dín àkóràn kù, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń lò ó fún gbogbo ènìyàn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí kòkòrò tí gentamicin kò ràn mọ́. Ilẹ̀ tiwa, tí ènìyàn ti lè ra apakòkòrò lọ́wọ́ oníkíósì láìsí ìwé dókítà, kò lè fara da irú èyí.

Nọ́ọ̀sì_Yàrá_Ìfọ̀jẹ̀:

Ní ti ẹni tí yóò ka wákàtí, Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹbí ni. Kí Àbígbẹ̀yìn kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé kan tí yóò máa bá Bàbá lọ, kí ó sì fi han ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àbígbẹ̀yìn_Ìbàdàn:

Mo ti padà dé láti ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ní kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀ rí, pé ẹni tí kò bá fọ ẹ̀jẹ̀ kò ní nǹkan ṣe nínú yàrá wọn. Nígbà tí mo fi èsì àyẹ̀wò hàn án tí mo sì ní kí wọ́n bá dókítà sọ ọ́, wọ́n pè é, ó sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Owó sírínjì, ìbọ̀wọ́ àti ìdérí nìkan la ó máa san ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ajé. Apòògùn ibẹ̀ náà gbà láti pín ìgò kan fún Bàbá àti aláìsàn míràn tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ti kọjá, Bàbá ò tilẹ̀ jókòó pẹ́ tó èyí tí wọ́n ń jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Ìbéèrè tó kù: ọjọ́ mélòó ni gbogbo rẹ̀, àti pé kí ni a ó rí tí a ó fi mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́, kí a má baà dúró títí bíi ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn?

Dókítà_Kíndìnrín_Ìlọrin:

Ọjọ́ 10 sí 14 ni fún irú kòkòrò yìí, oògùn ara àti oògùn ìsémọ́ lápapọ̀. Bí ibà tàbí òtútù bá padà nígbà tí wọ́n ṣì ń gba oògùn, tàbí bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń hu kòkòrò lẹ́yìn wákàtí 72 tí oògùn tó yẹ ti wọlé, kí wọ́n yọ rọ́bà náà láìjiyàn. Kí wọ́n yọ ọ́ pẹ̀lú bí ìfúnpá wọn bá já wálẹ̀, bí ọyún bá yọ lábẹ́ awọ, tàbí bí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n lọ́nà tí kò ṣe é rí. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, ẹ rí i pé wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí oògùn bá parí, kódà bí ara wọn bá yá gágá, nítorí pé àyẹ̀wò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í padà wá ṣe. Kí oníṣẹ́ abẹ sì tún apá òsì yẹn wò láàárín àkókò yìí, bóyá fístúlà tí kò dàgbà ní ibi tó fún tí wọ́n lè là fún un.